Ẹran Erin Lórí, Ìrẹ̀ Lábẹ́ Ẹsẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti múra sílẹ̀ láti bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, olóòtú ètò yìí fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á tán, mo pa ọ̀rọ̀ tèmi tì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni ó kọ ìwé náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ẹlòmíràn tí wọn kò ní kí a gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n pa owó pọ̀, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama yóò máa fi ṣírò máàkì àwọn ọmọ, tí yóò sì máa tẹ ìwé èsì jáde ní òpin sáà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ìyà tí ó wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹ mọ bí a ti í fi òru ṣírò máàkì, tí a óò ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì ní bá ara rẹ̀ mu. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó wà, ó sì kó o fún wọn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ méjì péré ni ó tíì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ yìí ń tẹ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ètò náà. Ọmọ kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Òjó. Kọ̀ǹpútà kò gbà kí ó fi àmì ohùn sí i, ni Òjó bá di Ojo. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yín mọ ohun tí wọ́n fi pe ọmọ ọlọ́mọ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún gbogbo orúkọ tí lẹ́tà inú rẹ̀ ní kíkàn nísàlẹ̀ àti àmì lókè. Òmíràn di àpótí òfìfo lójú ìwé. Inú bí ọmọ náà. Ó pa máàkì tì, ó sì fi òru méjì ṣe ètò kékeré kan tí ènìyàn lè fi tẹ àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láìṣe wàhálà. Kò ní i lọ́kàn láti tà á. Ó fi han olùkọ́ Yorùbá ní ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ méjì náà, olùkọ́ náà fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn fún ẹlòmíràn. Kí oṣù tó parí, àwọn tí kò mọ̀ rí ti ń bi í níbi tí wọ́n ti lè rí i gbà.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti ráyè iṣẹ́ máàkì mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní ó ti já àwọn kulẹ̀. Ó wá kọ̀wé sí wa pé, ṣé òun jẹ̀bi?

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà wa, kíá ni wọn yóò dá a. Wọn yóò ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ni wọ́n sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹnì kan bá ń wá òwe tí yóò gbè é, yóò rí i. Bí alátakò rẹ̀ náà bá ń wá, yóò rí tirẹ̀. Òwe kì í dájọ́ fún ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá pa á ni ó gbọ́dọ̀ ronú ibi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a lọ wo àwọn tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí a wo bí ó ti rí fún wọn, kí a tó padà wá sórí ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Bí mo bá wí pé iṣẹ́ erin, kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ gan-an tí a tìtorí rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ń wí. Iṣẹ́ ìrẹ̀ ni èyí tí ó ṣàdédé yọjú, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ilé iṣẹ́ tí à ń sọ. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní startup, orúkọ náà sì ti mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ titun ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣí ilé búrẹ́dì mọ̀ pé ènìyàn ń jẹ búrẹ́dì. Ohun tí ó kù ni kí tirẹ̀ dùn, kí iye rẹ̀ má sì le jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń wí yìí ń yan ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ rí, kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ ẹ́. Owó tí ó ń ná kì í sábà jẹ́ tirẹ̀ nìkan, owó náà sì ní ọjọ́ tí yóò tán, ìbáà jẹ́ ọjà tà, ìbáà jẹ́ kò tà. Nítorí pé kò tíì mọ ohun tí ènìyàn ń fẹ́, ó dára kí ojú rẹ̀ máa rìn káàkiri. Nítorí pé owó ẹlòmíràn ni, tí ọjọ́ sì ń lọ, kò dára kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rìn káàkiri. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ní ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ni irú ilé iṣẹ́ báyìí ti pọ̀ jù, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń kọ ìtàn ara wọn sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Evan Williams. Ọmọ àgbẹ̀ ni, oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ní ọdún 1999, òun àti obìnrin kan tí ń jẹ́ Meg Hourihan dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pyra Labs. Iṣẹ́ erin tí wọ́n gbé rù ni láti ṣe ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yóò fi máa tọ́jú iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe, tí olúkúlùkù yóò fi mọ ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ bá iṣẹ́ dé.

Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n. Kí wọ́n lè máa gbọ́ ara wọn yé, wọ́n ní ojú-ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sí, èyí tí ó jẹ́ titun lókè, èyí tí ó ti pẹ́ nísàlẹ̀. Nítorí pé ó ń gba àkókò láti máa fi ọwọ́ gbé ọ̀rọ̀ sórí ojú-ìwé náà, wọ́n ṣe ètò kékeré kan tí yóò máa bá wọn gbé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, wọ́n fi ètò náà síta kí ẹni tí ó bá fẹ́ máa lò ó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Blogger. Ìrẹ̀ ni lójú wọn nígbà náà. Wọ́n rò pé yóò fa àwọn ènìyàn wá sí ìdí iṣẹ́ gan-an ni.

Iṣẹ́ gan-an náà kò gbérí mọ́ títí ó fi kú. Blogger ni ayé gbà. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ ara wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìbẹ olóòtú ìwé ìròyìn kankan. Bí a bá dá ìtàn náà dúró níhìn-ín, a óò patẹ́wọ́, a óò sì sọ fún gbogbo ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa wa ìrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo Blogger, wọn kò sì san kọ́bọ̀. Ọdún 2000 ni ọjà àwọn ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dojú dé ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó sì káwọ́ kò. Ó di pé kí Pyra máa bẹ àwọn tí ń lo ètò náà pé kí wọ́n dá owó jọ fún àwọn láti ra ẹ̀rọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 2001, owó oṣù kò sí mọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ lọ, Hourihan náà lọ, ó ku Williams nìkan pẹ̀lú ìrẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 2003 kí Google tó ra ilé iṣẹ́ náà.

Ẹ kò rí i bí? Ìrẹ̀ di erin lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ gbé ẹrù láti ilé kò sí níbẹ̀ nígbà tí a pín ẹran. N kò wí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí mo ń wí ni pé àyípadà irú èyí ní owó tirẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì san án.

Williams yìí kan náà ni irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kejì. Òun àti Noah Glass ni wọ́n wà nídìí ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Odeo. Ètò ọ̀rọ̀ gbígbọ́ tí ènìyàn lè gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní podcast, ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣòwò. Àwọn olówó dókòwò nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, Apple fi irú nǹkan náà gan-an sínú ètò iTunes tirẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ta omi nínú agbè, tí ìjọba wá fa ẹ̀rọ omi dé iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Williams sì ti jẹ́wọ́ ohun kan tí ó burú ju ti Apple lọ: ó ní àwọn tí wọ́n ń ṣe Odeo pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Alásè kì í jẹ ọbẹ̀ tí ó ń tà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá ohun titun rò. Ọ̀kan nínú wọn, Jack Dorsey, ní èrò kan nípa ọ̀nà tí ènìyàn lè fi tẹlifóònù sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Noah Glass gba èrò náà bí ẹni gba ọmọ titun. Òun ni ó jà fún un jù lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí rẹ̀. Ní oṣù keje, wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Twitter ni. Bí ó ti gbọ́dọ̀ bá àtẹ̀jíṣẹ́ orí tẹlifóònù lọ ni wọ́n ṣe fi òté lé e pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà àti àmì 140 lọ.

Àwa ará Nàìjíríà kò lè wí pé a kò mọ ibi tí ìrẹ̀ yìí dàgbà dé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ wa ti í pa ní ilẹ̀ yìí, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan fi ń bára wọn ṣeré nínú ilé iṣẹ́ tí ń kú lọ di ọ̀rọ̀ ìjọba àti aráàlú ní Àbújá. Ní ọdún 2022 ni Elon Musk rà á ní dọ́là bílíọ̀nù 44, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí X.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wò dáradára kò sí nínú bílíọ̀nù yẹn. Ó wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2006. Williams rí i pé owó tí àwọn olówó fi sílẹ̀, Odeo ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, Odeo kò sì ní dìde mọ́. Ó lọ bá wọn, ó ra ilé iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ wọn, tòun ti Twitter inú rẹ̀, ó sì dá owó wọn padà. Àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹni tí ó gba owó rẹ̀ padà nígbà náà pàdánù ohun tí ó tóbi gidigidi. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni kókó. Kókó ibẹ̀ ni pé ó lọ bá ẹni tí ó ni ẹran, ó sì sọ fún un pé, ẹran rẹ ti ń rà lórí mi, gba owó rẹ. Ní ti Noah Glass, ẹni tí ó jà fún iṣẹ́ náà, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá ń ka àwọn tí wọ́n dá Twitter sílẹ̀, wọn kì í sábà ka orúkọ rẹ̀ mọ́ wọn. Bí ènìyàn bá fẹ́ yin Williams fún ti owó, ó gbọ́dọ̀ rántí ti Glass pẹ̀lú.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ìyàtọ̀ kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní Odeo, ẹran orí ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹni tí erin ń sanra sí i lórí rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì ń wo ìrẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2004 ni Mark Zuckerberg gbé Facebook jáde ní Yunifásítì Harvard. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi gígùn ní ọdún náà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lọ sí Palo Alto ní California. Facebook ń tàn bí iná ọyẹ́ láti yunifásítì kan sí òmíràn. Kí ọdún tó parí, àwọn tí ń lò ó ti tó mílíọ̀nù kan. Ẹ ó rò pé gbogbo ọkàn ọmọkùnrin náà yóò wà níbẹ̀. Rárá o. Òun àti Andrew McCollum àti Adam D'Angelo ń ṣe nǹkan mìíràn tí wọ́n pè ní Wirehog, ètò tí ènìyàn yóò fi máa fi orin, àwòrán àti ìwé ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Zuckerberg fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Sean Parker, tí ó jẹ́ ààrẹ ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, ni ẹ̀rù bà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá Napster sílẹ̀ ní ọdún 1999, ojú rẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ olórin ṣe fi ẹjọ́ pa Napster nítorí orin tí àwọn ènìyàn ń pín fún ara wọn láìsanwó. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé Wirehog lọ sí kóòtù, kì í ṣe Wirehog nìkan ni yóò rù ú. Wọ́n ṣí Wirehog fún ìwọ̀nba ènìyàn ní ìparí ọdún 2004, kò gbilẹ̀, wọ́n sì pa á tì ní oṣù kìíní ọdún 2006. Ẹni mélòó ni ó rántí orúkọ rẹ̀ lónìí? Òru mélòó ni ó sì bá a lọ? Ó wà lára ìrẹ̀ tí ó lè bu ẹni tí ó ru erin jẹ lẹ́sẹ̀, tí ẹrù yóò sì dà nù.

Ènìyàn kan tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni Stewart Butterfield, ọmọ ilẹ̀ Kánádà. Eré orí kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ ṣe ní ayé rẹ̀. Ó ṣe àkọ́kọ́ ní Vancouver, òun àti Caterina Fake, kò yọrí sí rere. Àwòrán pínpín tí ó ti ara rẹ̀ yọ ni ó di Flickr ní ọdún 2004, Yahoo sì rà á ní ọdún 2005. Ó tún padà sídìí eré. Ó ṣí eré kan tí ń jẹ́ Glitch ní ọdún 2011, ó pa á dé ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wọn ni ètò tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú sí ìlú nígbà tí wọ́n ń ṣe eré náà. Òun ni wọ́n sọ di Slack, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2014, tí Salesforce sì gbà láti rà ní dọ́là bílíọ̀nù 27.7 ní ìparí ọdún 2020. Ọkùnrin yìí kò rí eré rẹ̀ ṣe títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pa Glitch dé, ó jáde ní gbangba, ó sọ pé ó ti tán, ó sì dá owó àwọn tí wọ́n ti ra nǹkan nínú eré náà padà fún wọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí bílíọ̀nù mú wa gbàgbé wọn.

Ó yẹ kí n tún sọ ohun kan tí àwọn tí ń sọ irú ìtàn yìí kì í sọ. Ẹni tí ìrẹ̀ rẹ̀ di erin ni à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Àìmọye ni àwọn tí erin bọ́ lórí wọn, tí ìrẹ̀ sì sá wọ ihò, tí wọ́n darí sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sí ẹni tí ń pè wọ́n wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá wí pé òun yóò ṣe bí Williams ti ṣe, mo máa ń bi í léèrè pé, ti ọdún 2003 ni tàbí ti ọdún 2001?

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ wa.

Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá ń wò mí báyìí, ìdáhùn mi nìyí. O kò jẹ̀bi nítorí òru méjì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí o ń ṣe ni ó mú ọ kan ìrẹ̀ náà. Orúkọ ọmọ ni o ń tẹ, orúkọ náà ni kò bójú mu. Bí àwọn ará Pyra ti ṣe bá Blogger pàdé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni Butterfield ṣe bá Slack pàdé: ohun tí yóò ran ẹrù lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Ìrẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà ẹrù yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn yà wọ igbó lọ wá. Bí ó bá jẹ́ pé o fi máàkì sílẹ̀ láti lọ ṣe eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni èmi ìbá máa sọ.

Ibi tí o ti ṣìnà ni ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé òru méjì náà. Òru méjì di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, o kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti dà bẹ́ẹ̀. O jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa rò pé o ṣì wà lábẹ́ ẹrù, nígbà tí o ti yọ orí kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ orí kúrò lábẹ́ ẹrù tí ènìyàn mẹ́ta jọ rù gbọ́dọ̀ ké sí àwọn yòókù kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wó pa wọ́n.

Mo rí i nínú ìwé rẹ pé o ń pe ètò àmì náà ní tìrẹ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà tí ẹ jọ fi owó rà ni o ti ṣe é, iṣẹ́ àjọṣe ni ó sì bí i. Mo mọ̀ pé orí rẹ ni ó ti jáde. Orí Dorsey náà ni èrò tirẹ̀ ti jáde. Bí ẹ̀yin mẹ́ta kò bá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì mú owó wá, ẹ ó jà nígbà tí ó bá mú owó wá, ẹnì kan nínú yín yóò sì di Noah Glass. Ó lè jẹ́ ìwọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì náà ní ẹjọ́ tiwọn. Oṣù mẹ́jọ, ilé ẹ̀kọ́ méjì. Ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn pé kí ló dé tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri láti bẹ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ń wá nǹkan kejì fúnra wọn. Dípò kí wọ́n pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀, kí wọ́n wo ohun tí o wà jáde. Mo ń bá ẹ̀yin olùkọ́ náà wí níbí: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi iṣẹ́ tí ẹ fún un sílẹ̀ tí ó ń ṣe òmíràn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó fa ẹgba yọ. Mo ti fa ẹgba yọ nígbà kan rí, mo sì rí i lẹ́yìn náà pé ohun tí ọmọ náà ń ṣe sàn ju ohun tí mo ní kí ó ṣe lọ.

Síbẹ̀, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe jẹ́ kí èrò tí ń wọ́ tọ̀ yín wá tàn yín jẹ. Ohun tí ènìyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà. Ẹ fi iye díẹ̀ lé ètò àmì náà, kí ẹ wo ẹni mélòó tí yóò dúró. Títí sáà yìí yóò fi parí, ọjọ́ kan péré nínú ọ̀sẹ̀ ni kí o máa yà sọ́tọ̀ fún un, kí àwọn yòókù sì mọ ọjọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ méjì tí wọ́n ti san owó ń retí ìwé èsì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò mọ̀ pé erin àti ìrẹ̀ ń jà. Ẹ ṣe tiwọn fún wọn, pẹ̀lú àmì ohùn lórí orúkọ Òjó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá jókòó, kí ẹ yan ọ̀kan. Bí ẹ bá bi mí, ọkàn mi ń fà sí ọ̀dọ̀ ètò àmì náà, nítorí pé n kò tíì rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò ní wàhálà rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yá owó.

Èyí ni ó sì mú mi dé ibi tí mo fẹ́ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ojú-ewé mẹ́rin ni o kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o mẹ́nu kan ìyá tí ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, o sì tètè kọjá lórí rẹ̀. Lóṣooṣù ni ìyá náà ń san owó yẹn padà, tòun ti èlé, ó sì gbà pé ètò máàkì ni ẹ ń ṣe. Kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́, kí o tó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jiyàn mọ́, dìde lọ sí ilé rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì bá ọ lọ. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ sọ bí ó ti rí fún un, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Ẹ̀yin òǹwòran, àkókò mi ti pé. Ó dàárọ̀ o.